Bí Mo Ṣe Yá Ọ̀gágun Ní Oríkì Ilé Wa

Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Òrofó bí ọmọ mẹ́fà, ó ní ilé òun kún ṣọ́ṣọ́. Ẹ̀yin ènìyàn mi tí ẹ jókòó yí mi ká lábẹ́ igi ọdán yìí, bí ẹ bá ń wá òrofó tí ẹnu rẹ̀ pa á tì, tó dàgbà, tó hu irùngbọ̀n, tó sì ń fi ọ̀pá rìn, ẹ má wulẹ̀ wá a lọ sínú igbó. Ẹ wò mí. Èmi Ọdẹ́níran Àdìgún, ọmọ bíbí Agà-Odò, ọdẹ tí erin rí tó fi ìtì igi bojú, ọdẹ tí ẹfọ̀n gbúròó rẹ̀ tó gbàgbé ọ̀nà ilé… Àwẹ̀ró, èwo ni ti ẹ̀rín? Ìyàwó mi nìyẹn, ẹ má dá a lóhùn. Ó mọ̀ pé lọ́dún tí mo fẹ́ sọ yìí, ọ̀kẹ́rẹ́ méjì àti ìgbín mẹ́rin ni mo pa, àwọn ìgbín náà sì rèé, wọn kò tètè sá ni.

Kí Ẹlẹ́dàá tó dá ẹnu, tó fi ahọ́n sínú rẹ̀ bí ọ̀bẹ nínú àkọ̀, má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀bẹ ẹnu wa gé wa lọ́wọ́. Ẹ ṣe àmín. Àmín yín kò dún tó. Mo mọ ohun tí ẹnu mi ti fojú mi rí, èmi ni mo nílò àmín náà jù. Ẹ tún un ṣe. Ẹ ṣeun.

Nínú agboolé wa, àwọn obìnrin tí a bí sínú ilé, àwọn tí à ń pè ní ọmọ-osú, ló ń tọ́jú oríkì. Àwa ọkùnrin a máa wú bí wọ́n bá kì wá, ṣùgbọ́n kíkì náà kò dá wa lójú; a dà bí ẹni tó ń jẹ ọbẹ̀ lójoojúmọ́ tí kò mọ ibi tí wọ́n ń gbé iyọ̀ sí. Lọ́dún náà, ikú kó àwọn ọmọ-osú wa lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku ẹyọ kan ṣoṣo: Ìyá Àyọ̀ká, ẹ̀gbọ́n baba mi obìnrin, tó ti lọ sílé ọkọ láti ìgbà èwe rẹ̀, ní ìlú àwọn iwin kan lẹ́yìn Igbó Amúnisìnà. Bí obìnrin yìí bá kú sọ́hùn-ún, oríkì ilé wa kú nìyẹn, a ó sì máa sin òkú wa láìsọ ọ̀rọ̀ kan, bí ẹni sin adìẹ.

Baba mi pè mí, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Àdìgún."

"Baba."

"Lọ mú ẹ̀gbọ́n mi wá sílé fún mi kí n tó kú. Má ṣe nǹkan mìíràn. Má bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Bí wọ́n bá ní kí o sọ̀rọ̀, kí o húkọ́."

Ṣé ẹ rí i pé baba mi mọ ọmọ tó bí?

N kò ní fi ọ̀nà dá yín lágara. Igbó Amúnisìnà ṣì mí lọ́nà gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀. Ó mú mi yípo yípo títí mo fi pàdé ara mi lẹ́ẹ̀mejì, a sì kí ara wa. Lọ́jọ́ keje, iwin kan bọ́ sójú ọ̀nà. Ojú kan ṣoṣo ló ní, orí eékún ni ojú náà sì wà, nítorí náà ìgbàkigbà tó bá kúnlẹ̀, ó di afọ́jú. Ó na kùmọ̀ sí mi, ó ní:

"Ọdẹ, gba àlọ́ mi, àbí kí o gba kùmọ̀. Kí ni a kì í rà lọ́jà, tí wọ́n ń gbé lé ọmọ lórí kó tó mọ ìrìn, tí kò wúwo, tó sì jẹ́ pé bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, olúwa rẹ̀ di ẹni yẹ̀yẹ́?"

Mo ronú, mo ronú. Mo ní, "Fìlà."

Iwin náà wò mí. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi kúnlẹ̀, bó sì ti kúnlẹ̀ ni kò ríran mọ́, ni mo bá yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo gbọ́ tó ń pariwo lẹ́yìn mi pé, "Máa lọ! N kò ní nà ọ́! Ohun tó máa nà ọ́ wà níwájú!" Nígbà tí mo padà délé, ohun tí mo sọ fún wọn ni pé mo bá a jìjàkadì fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ foríjì mí. Ẹni tó lọ sájò tí kò purọ́, àjò rẹ̀ kò jìnnà ni.

Ìlú tí mo wọ̀ ni wọ́n ń pè ní Ọmọtani. Ẹ fetí sí ìdí orúkọ náà dáadáa, nítorí òun ni gbogbo ọ̀ràn. Ilẹ̀kùn kan wà lẹ́nu ọ̀nà ààfin wọn tó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé lọ jókòó lórí àga ìjọba, ilẹ̀kùn á bi í pé, "Ọmọ ta ni ọ́?" Bí onítọ̀hún bá ka oríkì ilé rẹ̀, ilẹ̀kùn á ṣí. Bí kò bá rí i kà, gbọn-in ni. Ilẹ̀kùn sì mọ gbogbo oríkì ìlú náà, ó mọ ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí ọmọ ìlú tó lè fi ti ẹnìkejì wọlé.

Kí n tó dé, ìlú ti dàrú. Ọba wọn àgbà ń jẹun ju ikùn rẹ̀ lọ, àwọn ìjòyè ń jà sí egungun tó ń jábọ́ lẹ́nu rẹ̀, ará ìlú sì ń kùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn sọ́jà tó ń ṣọ́ ààfin yí ààfin po, wọ́n ní ọba ti lọ sinmi. Kò sẹ́ni tó tún rí ọba mọ́. Ojú àwọn sọ́jà wọ̀nyí wà ní ìpàkọ́ wọn; bí wọ́n bá ń yan lọ síwájú, ẹ̀yìn ni wọ́n ń wò. Olórí wọn ni Ọ̀gágun Ẹlẹ́sẹ̀-Irin. Irin ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, ilẹ̀ a máa mì bó bá fi tẹ̀ ẹ́. Bọ́tìnnì mẹ́rìnlélógún ló wà lára ẹ̀wù rẹ̀, láti orúnkún dé ọrùn, kò sì tú ọ̀kan rí, àní nínú oòrùn tó ń yan ẹ̀pà lórí àpáta. Tòun taṣọ ló fi ń wẹ̀.

Ó gba ẹnu odídẹrẹ́ ńlá kan tí wọ́n so mọ́ orí òpó láàárín ìlú bá wọn sọ̀rọ̀: "Ẹ̀yin ènìyàn wa, ọdún kan péré ni a ó lò. Ilẹ̀ nìkan la fẹ́ bá yín gbá. Bí a bá gbálẹ̀ tán, a ó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀."

Ará ìlú sì jó síta! Ẹ má bú wọn. Ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀, bí wọ́n bá gbé òmíràn wá fún un, kì í béèrè ẹni tó rán an.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kò ṣí. "Ọmọ ta ni ọ́?" Ọ̀gágun kò rí nǹkan kan sọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ló fi ń ṣe ìjọba lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, òjò ń rọ̀ lé ìjọba náà lórí. Ibẹ̀ ni mo bá a, tó gbé iyán síwájú, ẹsẹ̀ ẹtu sì nà gbalaja nínú ọbẹ̀.

"Àlejò," ó ní, "kí lo wá ṣe?"

Mo rántí ọ̀rọ̀ baba mi. Mo húkọ́.

"Ikọ́ ló ń ṣe é, Ọ̀gá," ni igbákejì rẹ̀ wí. Májò Bẹ́ẹ̀-ni-Ọ̀gá ni wọ́n ń pe ìyẹn.

"Ẹ bu iyán fún un."

Wọ́n bu iyán. Ẹsẹ̀ ẹtu kan bá a wá. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ikọ́ mi san lójú ẹsẹ̀.

Ìgbà tí mo yó tán, Ọ̀gágun ní, "Ǹjẹ́ o ní oríkì nílé yín?" Ẹ gbọ́ ìbéèrè tí wọ́n bi ọmọ Agà-Odò lẹ́yìn iyán! Mo dìde. Mo na ìbọn mi sókè. "Oríkì? Ṣé èmi lẹ ń bi? Bí èéfín ni oríkì ń yọ lórí òrùlé wa!" N kò húkọ́ mọ́ o. Ni mo bá la ẹnu:

Ọmọ Ọ̀tafà-má-tàsé,
Ọmọ a-fi-awọ-ẹkùn-tẹ́-ibùsùn,
Ẹfọ̀n gbóhùn baba wọn, ẹfọ̀n sùn, ẹfọ̀n ò jí.
Ọmọ òjò pa gbogbo ayé, kò pa baba wọn,
Ojú ọ̀run ni baba wọn ti ń yáná.

Ọ̀gágun gbé òkèlè dúró lọ́nà ọ̀fun. Ó ní, "Ó dùn. Yá mi."

"Kí n yá yín ní kí ni, Ọ̀gágun?"

"Oríkì yẹn. Ọdún kan péré ni."

Mo ti gbọ́ pé ènìyàn ń yá ọkọ́, ó ń yá ìkòkò; n kò gbọ́ rí pé wọ́n ń yá oríkì. Mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹtu kejì dé, ó bọ́ sójú ọ̀rọ̀ náà, n kò rí i sọ. Mo kọ́ ọ ní oríkì títí ó fi mọ̀ ọ́n. Ó dojú kọ ilẹ̀kùn. "Ọmọ ta ni ọ́?" Ó kà á. Ilẹ̀kùn kò gbọ́ oríkì yẹn rí, nítorí oríkì ilẹ̀ òkèèrè ni, kò sì sẹ́ni tó já a. Ilẹ̀kùn kì í gbọ́n ju ohun tí a bá sọ fún un lọ. Ó ṣí gbàgà. Ọ̀gágun wọlé, ó jókòó.

Wọ́n fi mí ṣe Mínísítà Ètò Ìyìn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo dé fìlà tí ìyẹ́ ẹyẹ ológe mẹ́fà wà lórí rẹ̀. Ìgalà mẹ́rin ló ń fa ọkọ̀ mi, iwin kan sì ń sáré ṣíwájú rẹ̀ tó ń figbe ta, "Pìpáà! Pìpáà!" kí àwọn ènìyàn lè bọ́ sínú gọ́tà. Láràárọ̀ ni mo ń ka oríkì baba mi sí odídẹrẹ́ létí, odídẹrẹ́ á sì kà á síta fún gbogbo ìlú ní orúkọ Ọ̀gágun. Oríkì náà ń dùn mọ́ èmi fúnra mi. Mo dà bí ẹni tí wọ́n jí ẹ̀wù rẹ̀ tó dúró lójú pópó tó ń yin olè pé ẹ̀wù náà bá a mu.

Ọjọ́ kẹta ni mo tó rántí iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. "Ọ̀gágun, ẹ̀gbọ́n baba mi kan wà nílùú yìí, Ìyá Àyọ̀ká."

Ojú rẹ̀ yí díẹ̀. "Àlejò ìjọba ni. Ó ń sinmi. Bí ọdún bá pé, yóò jáde."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́. Ọlọ́run ọba, dárí jì mí, mo dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn èyí ni òfin bẹ̀rẹ̀ sí jáde bí eéṣú. Kónílé-ó-gbélé láti ìgbà tí oòrùn bá ti yẹ̀ lórí. Ènìyàn mẹ́ta kò gbọdọ̀ jọ rẹ́rìn-ín. Àkùkọ tó bá fẹ́ kọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ. Ìgbálẹ̀ tí wọ́n ní àwọn fi ń gbálẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀, ó bọ́ sórí ènìyàn. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Tíṣà Ajíbówú dìde lójú agbo, ó ṣí fìlà, ó rọra béèrè pé, "Ẹ jọ̀wọ́, Ọ̀gágun, ó ku oṣù mélòó kí ọdún náà pé?" Ìbéèrè náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gbé àgádágodo wá, wọ́n fi ti ètè rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Mo dúró níbẹ̀. Ó wò mí, nítorí èmi ló sún mọ́ ọn jù. Májò fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ oríkì.

Ibí yìí ni kí ẹ má bá mi rẹ́rìn-ín. Ìyókù ẹ lè rẹ́rìn-ín sí.

Nígbà tí ó di oṣù kẹwàá, wọ́n ní kí Mínísítà lọ ṣí yàrá tuntun ní Ilé Ìsinmi. Mo lọ tìlù tìfọn. Kòtò ni Ilé Ìsinmi náà, kòtò jíjìn tí wọ́n fi irin bò lójú. Bí mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ ìkíni, ohùn kan ti ìsàlẹ̀ wá:

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ lókè yẹn tó dún bí Àkànjí àbúrò mi?"

Fìlà ìyẹ́ wọ́ lórí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu kòtò. Arúgbó obìnrin kan ló jókòó sórí amọ̀, orí rẹ̀ funfun bí òwú, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú tipẹ́.

"Èmi ni, Ìyá. Àdìgún ọmọ Àkànjí. Baba mi ní kí n wá mú yín wá sílé."

"O káàbọ̀, ọmọ mi. Ìgbà wo ló rán ọ?"

"Ó… ó ti tó oṣù mẹ́wàá, Ìyá."

"Kí lo wá ń ṣe láti ìgbà náà?"

Mo tún fìlà ìyẹ́ náà tò lórí. Ó ní, "Àdìgún, kí o tó dé ni Ọ̀gágun yìí ti wá bá mi, pé kí n fi oríkì ilé wa fún òun. Mo kọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ irin yẹn tẹ ẹsẹ̀ mi, mo kọ̀. Wọ́n jù mí síbí, mo dákẹ́. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ oríkì Ọ̀tafà láràárọ̀ lẹ́nu odídẹrẹ́. Mo ní ta ló fún un? Ta ló kù láyé tó mọ̀ ọ́n?"

Mo fẹ́ húkọ́. Ikọ́ kò wá.

"Èmi ni, Ìyá."

"Kí ni wọ́n fún ọ?"

"Iyán ni, mà."

"Iyán lásán?"

"Ẹsẹ̀ ẹtu wà níbẹ̀."

Mo rò pé èébú ló kàn. Àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré bí ẹni ń gbọn iyanrìn. "Ó dára," ó ní. "Ó dára tí ẹran wà níbẹ̀. Gbogbo oríkì náà lo fún un?"

"Gbogbo èyí tí mo mọ̀ ni, Ìyá. Ó parí síbi 'ojú ọ̀run ni baba wọn ti ń yáná'."

"Kò parí síbẹ̀. Àbọ̀ rèé. Àbọ̀ kejì, a kì í kì í sétí ọkùnrin ilé wa títí orí rẹ̀ á fi wálẹ̀. Ṣé o rí i pé orí tìrẹ kò tíì wálẹ̀?"

"Mo rí i, Ìyá."

Bí mo ti ń padà, Májò Bẹ́ẹ̀-ni-Ọ̀gá sọ̀rọ̀ sí mi létí. "Mínísítà, ẹ má tún wá kí i mọ́. Lọ́jọ́ àjọ̀dún ìjọba, odò ni a ó gbé e jù sí. Ọ̀gá ní ẹni tó mọ olóríkì kò gbọdọ̀ wà láyé pẹ̀lú òun."

Mo délé, n kò lè jẹun. Ẹ gbọ́ mi: *èmi*, n kò lè jẹun. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ọlọ́run tí kò fi ẹnu mi dá mi lẹ́bi, ẹnu yìí ló kó wa wọ̀ ọ́, fi ẹnu yìí náà kó wa yọ." Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá Ọ̀gágun.

"Ọ̀gágun, oríkì tí ẹ ń lò yìí, àbọ̀ ni."

Ó fi ẹsẹ̀ irin janlẹ̀, ògiri la. "Àbọ̀? Èmi? Kí n máa lo àbọ̀?"

"Àbọ̀ kejì ló dùn jù. Ẹnu ìyá arúgbó yẹn ló wà. Bó bá kì yín dé òpin lójú gbogbo ayé lọ́jọ́ àjọ̀dún, kò ní sí ilẹ̀kùn tó tún máa bi yín léèrè mọ́."

Ẹ mọ̀ pé ẹni tí ìyìn ti wọ̀ lára dà bí ẹni tó jẹ iyọ̀, òǹgbẹ rẹ̀ kì í tán. Ọdún ti fẹ́ pé, Ọ̀gágun sì ti pinnu láti kéde pé ọdún fúnra rẹ̀ ló bẹ òun kí òun má jẹ́ kó parí. "Kó kì mí," ó ní. "Kó kì mí tán kí wọ́n tó gbé e lọ sódò."

Ọjọ́ àjọ̀dún pé. Gbogbo ìlú dúró níwájú ààfin, ojú wọn gbẹ. Àwọn sọ́jà tò, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa kí wọ́n lè máa wò wá. Wọ́n fi ẹní gbé Ìyá Àyọ̀ká jáde, nítorí kò lè dúró. Ọ̀gágun dúró lójú ilẹ̀kùn, ó gbé àyà síwájú.

Ìyá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ oríkì lẹ́nu odídẹrẹ́ kò tíì gbọ́ oríkì! Nígbà tó pe Ọ̀tafà-má-tàsé, omi bọ́ lójú mi; nígbà tó dé ibi tí baba wa ti ń yáná lójú ọ̀run, Ọ̀gágun ti wú débi pé bọ́tìnnì rẹ̀ ń dún. Ìyá kò sinmi. Ó ń bá a lọ:

Ọ̀tafà-má-tàsé, ogun dé,
Wọ́n wá a lójú ogun, wọn kò rí i,
Wọ́n wá a létí odò, wọn kò rí i,
Inú agọ̀ adìẹ ni wọ́n bá baba wọn,
Ó fi ìyẹ́ bora, ó ní òun ń sàba.
Ogun lọ tán, ó jáde,
Ó ní òun lòun lé wọn.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú èrò. Ó bo ẹnu. Ẹnìkejì rẹ́rìn-ín. Òfin ní kí ènìyàn mẹ́ta má jọ rẹ́rìn-ín, kò sọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún. Ni ìlú bá bú sẹ́rìn-ín gèè. Mo gbọ́ "ṣàkì" lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: àgádágodo já lẹ́nu Tíṣà Ajíbówú, nítorí ẹ̀rín tó ti ń kó jọ sínú láti oṣù mélòó kò gbà á mọ́. Àní àwọn sọ́jà, èjìká wọn ń mì.

Ìyá gbé ohùn sókè:

Ọmọ a-bọ́-ẹ̀wù-kí-obìnrin-ilé,
Bí ọmọ-osú wọn bá ń kì wọ́n,
Ọkùnrin wọn kì í wẹ̀wù dọ̀bálẹ̀.
Ikùn ìhòòhò ní í kan ilẹ̀,
Kí ìdodo lè kí ìyá tó bí i.

Ó wo èrò yíká. Ó ní, "Àwọn ọmọkùnrin ilé wa dà?"

Mo mọ ohun tó kàn. Mo bọ́ agbádá mínísítà, mo ju fìlà ìyẹ́ sílẹ̀, mo bọ́ bùbá. Ẹ̀yin tí a jọ wẹ̀ lódò ní kékeré, ẹ mọ̀ pé ìdodo mi yọ síta bí orí ìgbín tó ń wojú ọ̀nà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí n kì í fi í bọ́ ẹ̀wù ní gbangba. Ìlú rí i. Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú wọn, mo pariwo: "Èmi ni mo fi oríkì baba mi jẹ ẹsẹ̀ ẹtu! Èmi ni ọmọ Ọ̀tafà inú agọ̀ adìẹ! Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́!"

Ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn: "Ọ̀kan ti dọ̀bálẹ̀. Èkejì dà?"

Ọ̀gágun dọ̀bálẹ̀ tẹ̀wù tẹ̀wù. Ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí padé díẹ̀díẹ̀. Ó fò dìde. Bó bá kọ̀ láti bọ́ ẹ̀wù, kì í ṣe ọmọ ilé náà. Bó bá gbà… Májò Bẹ́ẹ̀-ni-Ọ̀gá ti súré dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ojú àga ìjọba ló sì ń wò. "Ọ̀gá, ẹ má ṣèyọnu, ẹ jẹ́ kí n bá yín tú u." Kó tó sọ pé rárá, bọ́tìnnì méje ti lọ. Ẹ̀wù là.

Ikùn Ọ̀gágun ń dán bí igbá tuntun. Kò sí nǹkan kan láàárín rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Tíṣà Ajíbówú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ètè rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀: "Kò ní ìdodo. Kò sí obìnrin tó bí i."

"Ọmọ ta ni ọ́?" ni ilẹ̀kùn wí. Ó bi í lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọ̀gágun wò wá, bí ẹni pé ẹnì kan lè ràn án lọ́wọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́, àánú rẹ̀ ṣe mí. Ilẹ̀kùn padé wàà mọ́ ẹsẹ̀ irin. Ó fà á, kò wá. Ó yọ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrò, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń fò wọ inú igbó lọ lórí ẹsẹ̀ kan.

Májò tún ọ̀fun ṣe. "Ẹ̀yin ènìyàn wa, ọdún kan péré ni a ó—"

"Ọmọ ta ni ọ́?"

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di bọ́tìnnì tirẹ̀ mú, ó sá. Àwọn sọ́jà sá tẹ̀lé e. Bí wọ́n ti ń sá lọ ni wọ́n ń wò wá, a ń wò wọ́n, àwọn kan tiẹ̀ ń juwọ́ sí wa.

Ariwo ayọ̀ sọ. Wọ́n gbé mi sókè, èmi tí mo wà ní ìhòòhò dé ìbàdí. "Ọdẹ́níran! Oríkì rẹ̀ ni ilẹ̀kùn gbà! Òun ni kó jókòó!" Ilẹ̀kùn bi mí, mo kà á fún un dé orí agọ̀ adìẹ, ó ṣí. Ní inú lọ́hùn-ún ni àga náà wà, wọ́n fi awọ ẹkùn tẹ́ ẹ, ó rọ̀, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ síbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò ní purọ́ fún yín níbí. Mo ti ń ro iye òfin tí ó dára tí mo lè ṣe. Mo ti ń ro ẹni tí n ó fi ṣe Mínísítà Ètò Ìyìn. Orí mi kò tíì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìdí mi ti gbà, eékún mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀. Tíṣà Ajíbówú dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó ti ṣí fìlà, ó ń nu ẹ̀jẹ̀ ètè rẹ̀, ó ń wò mí.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn Ìyá Àyọ̀ká láti orí ẹní níta, ibi tí gbogbo wa gbàgbé rẹ̀ sí nínú oòrùn. Kò pariwo. Ó ní:

"Àdìgún, ọmọ mi, má jókòó. Ẹsẹ̀ ń dùn mí. Wá gbé mi pọ̀n, ká máa lọ sílé."